Ọjọ́ Ìṣíde Ẹ̀rọ Omi Ọnárébù

Kí ládàánì tó pe ìrun àsùbáà ni Raliat ti jókòó sí ẹnu ọ̀nà, tí ó di kọ́kọ́rọ́ kékeré kan mọ́ etí ìró rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ àgádágodo tí wọ́n fi ti ẹ̀rọ omi tuntun iwájú ilé ni. Israfil, ọmọ ẹ̀yìn Kabir ọmọ rẹ̀, ni ó fi lé e lọ́wọ́ ní ìrọ̀lẹ́ àná, lẹ́yìn tí ọkọ̀ agbómi kan ti wá, tí ó ti na rọ́bà gígùn sókè sínú táńkì, tí ó sì ti bá tirẹ̀ lọ.

Raliat ti béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ni ọkọ̀ agbómi ń wá nídìí kànga ẹ̀rọ.

"Wọ́n fẹ́ fi ṣan inú táńkì ni, Ìyá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án o. Ọwọ́ Ọnárébù ni yóò kọ́kọ́ ṣí i lọ́la. Alága ẹgbẹ́ ń bọ̀, àwọn oníròyìn ń bọ̀."

Raliat gbà á gbọ́. Ìyá wo ni kì í gba ẹni tí ọmọ rẹ̀ rán sí i gbọ́?

Lẹ́yìn Tákíè ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní ojú agbo ilé tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, ni ẹ̀rọ náà wà. Òpó irin gbé táńkì dúdú sókè. Ẹnu ẹ̀rọ kan ṣoṣo wà nísàlẹ̀, ó ń dán bí eyín tuntun lẹ́nu ọmọ. Pátákó ńlá kan sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ya àwòrán Kabir sí, fìlà lórí, ẹ̀rín lẹ́nu. Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ àwòrán náà pé: OMI FÚN GBOGBO WA, LÁTI ỌWỌ́ ỌMỌ YÍN. Pátákó náà tóbi ju ẹ̀rọ lọ. Ó ti pẹ́ tí Raliat ti fojú kan ọmọ rẹ̀ gan-an, nítorí náà, láti ìgbà tí wọ́n ti ri àwòrán yìí mọ́lẹ̀, òun ni ó ń kí láràárọ̀.

"Àlàní, ṣé o jí ire?"

Àwòrán a sì máa rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Kabir wọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Ìbàdàn ni orúkọ ìyá rẹ̀ yí padà ládùúgbò. Wọn kò pè é ní Ìyá Kabir mọ́. Ìyá Ọnárébù ni. Ìyá Kabir máa ń gba àlejò tí ó wá kí i lásán, tí yóò jókòó sórí àpótí, tí yóò bá a ṣa ẹ̀wà. Ìyá Ọnárébù kò ní irú àlejò bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá wá a ní iṣẹ́ tí ó fẹ́ rán an sí ọmọ rẹ̀: ọmọ mi jáde ní yunifásítì, kò ríṣẹ́, ọkọ mi wà ní ọsibítù. Raliat a máa jẹ́ iṣẹ́ náà, a máa dúró de èsì. Nígbà tí èsì kò dé, ẹsẹ̀ àlejò dá. Ilé ńlá tí wọ́n kun ní ọ̀dà tuntun nígbà ìbò wá dákẹ́ dé ibi pé aago ara ògiri ni ó ń bá a sọ̀rọ̀.

"Ìyá, ẹ ò sùn ni?" Marufat, àkọ́bí rẹ̀, ni ó jáde láti inú yàrá. Ọ̀yọ́ ni ó ń gbé, ó ń ta aṣọ ní Ọjà Akẹ̀sán. Ó ti wá láti àná nítorí ìnáwó òní. Ìrẹsì tí ó sè fún àwọn àlejò ti kún kúlà ńláńlá ní ẹ̀yìnkùlé.

"Mo fẹ́ ṣe àlùwàlá. Àmù ti gbẹ."

"Mẹ́ruwà ò wá ni?"

"Mo ti ní kí Anas má wá mọ́. Omi wo ló kù tí yóò fi ọmọlanke tì wá fún mi láti Sábó, nígbà tí omi ọmọ mi ti dé ojúlé?"

Ládàánì pe ìrun. Raliat dìde, ó wo ilẹ̀ gbígbẹ tí ó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Alùfáà ti kọ́ wọn ní kéú àwọn ìyá pé ẹni tí kò bá rí omi lè ṣe tàyámọ́mù: kí ó pa àtẹ́lẹwọ́ mọ́ erùpẹ̀ tí ó mọ́, kí ó fi pa ojú, kí ó fi pa ọwọ́, Ọlọ́run á gbà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí omi wà ní àrọ́wọ́tó rẹ̀, tí ó lọ ń pa erùpẹ̀, ìrun rẹ̀ kò pé. Omi sì rèé. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì rèé ní etí ìró. Ṣé òun yóò tan Ọlọ́run ní ojú àwòrán ọmọ òun?

Ó ṣí àgádágodo. Ó yí ẹnu ẹ̀rọ. Omi tú jáde, ó tutù, ó ń yọ ìfófó. Ohun tí ó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó gbé abọ́ tánganran funfun rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ó bu ti Kabir sọ́tọ̀, ó dé e, ó gbé e sí orí tábìlì ní pálọ̀. Omi àkọ́bù, ẹni tí ó ni ín ni yóò mu ún. Lẹ́yìn náà ni ó ṣe àlùwàlá, ó kírun. Nígbà tí ó gbé orí sókè, Ìyá Tímótì, aládùúgbò rẹ̀, ti dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ ìyeyè.

"Ìyá Ọnárébù, ẹ kú ojúmọ́ o. Ṣé etí mi ni, àbí omi ni mo gbọ́?"

"Omi ni."

"Jésù ṣeun! Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ẹ̀gì kan péré. Láti àná ni a ò ti rí omi wẹ ọmọ tí Adéọlá ọmọ mi bí. Ẹrẹ̀ ni à ń pọn nínú kànga wa."

Raliat wo kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó rántí ìkìlọ̀ Israfil. Ṣùgbọ́n ìkókó kò mọ alága ẹgbẹ́.

"Gbé e wá," ni ó wí.

Ẹnì kan kì í gbọ́ ìró omi nínú ẹ̀ẹ̀rùn kí ó dá gbọ́ ọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, agbo ilé ti kún. Korobá, kẹ́ẹ̀gì, bàsíà, ìkòkò. Ẹni tí kò rí nǹkan gbé wá gbé pọ́ò ọmọ rẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Raliat kò lè lé ẹnikẹ́ni. Ó ní kí ó jẹ́ sàráà fún bàbá Kabir tí ó ti lọ. Àwọn obìnrin ń kúnlẹ̀, wọ́n ń ṣàdúrà. Bí wọ́n ti ń pọn omi ni orúkọ àtijọ́ ń padà sẹ́nu wọn láìmọ̀.

"Ìyá Kabir, ẹ ó jẹun ọmọ o!"

"Ìyá Kabir, ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù!"

Ọkùnrin télọ̀ kan tí ilé rẹ̀ kọjú sí ọ̀nà gbé korobá méjì dání. "Èmi tí mo ti búra pé n ò ní dìbò fún ọmọ yìí mọ́ láyé, ojú ti ń tì mí díẹ̀."

"Díẹ̀ kẹ̀?"

"Díẹ̀ náà ni. N ò tí ì tọ́ ọ wò."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Raliat náà rẹ́rìn-ín, títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹnì kan ti gbé àpótí wá fún un. Ẹnì kan ti jókòó tì í, ó ń sọ fún un bí ẹsẹ̀ ṣe ń dùn ún, láìní iṣẹ́ kankan tí ó fẹ́ rán an. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ṣí òun gan-an, kì í ṣe ẹ̀rọ.

Lẹ́yìn náà ni ẹnu ẹ̀rọ húkọ́. Ó tutọ́ omi díẹ̀, ó tu atẹ́gùn, ó dákẹ́.

"Ó ń mí ni," ni Ìyá Tímótì wí. "Yóò tún sun."

Wọ́n túká pẹ̀lú ìdúpẹ́. Raliat fi àgádágodo tì í padà, ó sì lọ múra de ọmọ rẹ̀.

Nígbà tí oòrùn ti gòkè ni Israfil dé pẹ̀lú àwọn tí yóò ta àtíbàbà. Ó fi ọwọ́ lu òpó, ó tẹ́tí. Ó mú òkúta, ó jù ú lu táńkì. Táńkì dún bí agolo òfìfo.

"Ìyá, ta ló ṣí i?"

"Èmi ni. Àwọn ará ilé pọn díẹ̀."

"Díẹ̀!" Ó ti gbé fóònù sí etí. Wọ́n gbọ́ ọ tí ó ń bẹ awakọ̀ agbómi. Wọ́n gbọ́ ọ tí ó ń ṣépè fún un. Ọkọ̀ ọ̀hún ti dẹnu kọlẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkòyí ìtòsí wọn.

"Kí ló dé tí o ń dààmú?" ni Raliat wí. "Tan ẹ̀rọ rẹ̀, kí ó tún fà á látìsàlẹ̀."

Israfil wò ó bí ènìyàn ṣe ń wo ọmọ kékeré tí ó béèrè ìgbà tí bàbá rẹ̀ tí ó kú yóò dé.

"Ìyá, kò sí nǹkan tí yóò fà. Òkúta ni wọ́n bá nísàlẹ̀. Wọn ò bá omi."

Marufat, tí ó ń nu àga, dáwọ́ dúró.

"Ṣé Kabir mọ̀?" ni Raliat béèrè.

Israfil wo ojú fóònù rẹ̀. Kò sí nǹkan kan lójú fóònù náà. Ó ní: "Ìyá, ohunkóhun tí Ọnárébù bá sọ lónìí, ẹ ṣáà máa mi orí. Ó fẹ́ lọ Abuja ní ọdún tó ń bọ̀. Ọwọ́ alága ni ìwé ìdíje wà. Bí alága bá rí i pé ilé rẹ̀ kò tò, ó parí nìyẹn. Ọmọ yín ni."

Ọmọ òun ni. Raliat lọ jókòó sí àga tí wọ́n tò fún un ní iwájú, èyí tí wọ́n fi aṣọ funfun bò. Kò sí ẹni tí ó jókòó tì í.

Ọkọ̀ dé, eruku dé. Kabir sọ̀kalẹ̀. Ó ti sanra sí i, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ní funfun tí kò sí nínú àwòrán. Ó rí ìyá rẹ̀, ó sáré wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Raliat na ọwọ́ láti fi kan orí rẹ̀.

"Ọnárébù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe," ni ayàwòrán kan wí. "Oòrùn wà lẹ́yìn yín."

Kabir dìde, ó yí sí apá kejì, ó tún dọ̀bálẹ̀. Ọwọ́ Raliat ṣì wà lókè, kò rí orí tí yóò kàn.

"Àlàní," ni ó rọra pè, "omi náà..."

"Ẹ dákẹ́ ná, Ìyá mi." Ojú ayàwòrán ni ó ń wò bí ó ti ń sọ ọ́. Israfil ti ń sọ ọ̀rọ̀ kan sí i létí. Raliat rí i tí ẹ̀rín dúró lójú ọmọ rẹ̀ nígbà tí ohun tí ó mú ẹ̀rín wá ti kúrò.

Ó sọ̀rọ̀ pẹ́. Ó sọ nípa ọ̀nà, ó sọ nípa àwọn ọ̀dọ́, ó sọ bí ó ti dìde lórí ìjókòó ní Ilé Ìgbìmọ̀ tí ó dá àbá lórí ọ̀rọ̀ omi. Bí ọ̀rọ̀ bá ń di omi ni, gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́ ni ì bá ti rì. Nígbẹ̀yìn, alága ẹgbẹ́ wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"Ọnárébù, ẹ jẹ́ ká ṣí i. Òùngbẹ ti ń gbẹ wá."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Kabir gé okùn pupa, ó fi kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ ìyá rẹ̀ ṣí àgádágodo, ó yí ẹnu ẹ̀rọ. Ó yí i dé òpin. Ẹ̀rọ mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò sì ṣe nǹkan kan mọ́.

"Atẹ́gùn ni wọ́n gbẹ́ kàn!" ni ohùn kan wí láti ẹ̀yìn. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀, ó fẹ́ máa ràn.

Kabir gba gbohùngbohùn. "Ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ ti rí iṣẹ́ ọ̀tá! Àná, omi kún inú táńkì yìí dẹ́nu. Àwọn alátakò ni wọ́n wá tú u dànù, tí wọ́n ba ẹ̀rọ jẹ́, kí ẹ lè sọ pé n ò ṣiṣẹ́. Mo sì mọ ilé tí wọ́n ti jáde."

Kò dárúkọ. Kò nílò rẹ̀. Gbogbo ojú yí sí ilé Ìyá Tímótì, nítorí Tímótì ọmọ rẹ̀ ni ó ń kó àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ alátakò jọ. Àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí orúkọ Kabir wà lẹ́yìn rẹ̀ dìde láti abẹ́ àtíbàbà. Ọ̀kan gbé igi. Ìyá Tímótì wà ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ìkókó ń bẹ léjìká rẹ̀, ara ọmọ náà ṣì mọ́ tónítóní.

Wọ́n ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Raliat mọ òwe náà. Ó tún un sọ nínú ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì dìde.

"Èmi ni."

Ohùn rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n gbohùngbohùn wà nítòsí, ó sì gbé e.

"Èmi ni mo ṣí i. Mo fẹ́ ṣe àlùwàlá. Ìkókó kan fẹ́ wẹ̀. Kò sí ẹni tó ba nǹkan jẹ́. Omi tí ọkọ̀ gbé wá lánàá ni a pọn, a sì ti pọn ọ́n tán. Òkúta ni ó wà nísàlẹ̀."

Ọmọkùnrin tí ó gbé igi wo igi náà bí ẹni tí kò mọ bí ó ṣe dé ọwọ́ òun. Alága ẹgbẹ́ ká etí agbádá rẹ̀ sí èjìká, ó lọ sínú ọkọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀kùn ọkọ̀ yẹn pa dé, gbogbo ilẹ̀kùn ọkọ̀ yòókù tẹ̀ lé e. Àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í túká. Ìyá Tímótì gbé ìkókó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Télọ̀ wo ẹnu ẹ̀rọ, ó wo Raliat, ó mi orí, ó lọ. Kò sí ẹni tí ó bú u. Kò sí ẹni tí ó dúpẹ́. Ohun tí wọ́n rò pé àwọn ní láàárọ̀ ni ó gbà lọ́wọ́ wọn lọ́sàn-án.

Nínú pálọ̀, Kabir ń rìn síwá sẹ́yìn láàárín àwòrán ìpolongo rẹ̀ tí ìyá rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri. Àwọ̀ ẹgbẹ́ kan ni ti àkọ́kọ́, àwọ̀ ẹgbẹ́ mìíràn ni èkejì, ẹ̀kẹta tún yàtọ̀. Ẹ̀rín kan náà ni ó wà nínú gbogbo wọn.

"Ìyá mi, ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ṣe? Ṣé ẹ mọ ọdún tí mo ti ń tẹ̀ lé ọkùnrin yẹn kiri?"

"Wọ́n fẹ́ lu Tímótì."

"Wọn ò ní pa á!"

"Kabir," ni Marufat wí, "o dìde ní Ìbàdàn, o dá àbá lórí omi. Mo gbọ́ ọ lórí rédíò ní Akẹ̀sán. Mo gbé rédíò náà sókè kí gbogbo ìsọ̀ lè gbọ́. O mọ̀ pé òkúta ni, o wá ń ya fọ́tò?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló gba ìsọ̀ yẹn fún yín?"

Marufat yí ojú sí àwòrán ara ògiri.

"Ẹ sọ̀rọ̀ ná." Kabir jókòó, agbádá rẹ̀ sì bò ó mọ́lẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, ohùn rẹ̀ dà bí ohùn ènìyàn tí kò sí níwájú èrò. "Agbaṣẹ́ṣe gba tirẹ̀, ẹni tó bá mi fọwọ́ sí i gba tirẹ̀, ẹgbẹ́ gba tiwọn. Ìgbà tí ẹ̀rọ agbẹ́lẹ̀ dé ibí, owó tó kù kò lè gbẹ́ ju ibi tí òkúta ti bẹ̀rẹ̀ lọ. Bí mo bá sọ pé kò sí omi, wọn á ní n ò ṣe nǹkan kan. Bí mo bá gbé pátákó sókè, wọn á ní mo ṣe é. Èwo ni ẹ̀yin ì bá ṣe?"

"Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà," ni Marufat wí. Kò parí rẹ̀. Wọ́n mọ ohun tí à ń fi owó ọwọ́ rà.

Raliat kò dá sí i. Ó ti gbé abọ́ tánganran dání, ó ti ṣí ọmọrí rẹ̀.

"Àlàní, mu omi. Tìrẹ ni. Mo bù ú sọ́tọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó pọn."

Kabir wo abọ́ náà. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tí gíríìsì ẹnu ẹ̀rọ ti sọ di dúdú. Fóònù rẹ̀ dún. Ó yọ ọ́, ó rí orúkọ tí ó wà níbẹ̀, ó sì dìde kíákíá.

"Israfil, bá mi da omi yẹn sọ́wọ́. N ò lè fi ọwọ́ yìí bọ alága."

Wọ́n jáde sí ìta. Israfil ń da omi abọ́ náà, Kabir fọ ọwọ́ kan, ó fọ èkejì, omi ń ṣàn sórí ilẹ̀, ilẹ̀ ń gbé e mì. Nígbà tí abọ́ ṣófo, ó fi áńkáṣíìfù nu ọwọ́. Ó wo ìyá rẹ̀ bí ẹni tí ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Fóònù tún dún. Ó wọ ọkọ̀.

Àwọn ọmọkùnrin aláṣọ orúkọ kó kúlà ìrẹsì sínú ọkọ̀ wọn, wọ́n tẹ̀ lé e. Àwọn tí ó ni àtíbàbà tú irin wọn. Kí àlààsárì tó kọjá, kò sí nǹkan mọ́ ní ojú agbo ilé bí kò ṣe ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀, àti àga funfun kan tí wọ́n gbàgbé.

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká lọ Ọ̀yọ́," ni Marufat wí, àpò rẹ̀ ti wà ní apá. Ó ní láti ṣí ìsọ̀ ní àfẹ̀mọ́jú.

"Kí n wá máa ṣe kí ni níbẹ̀?"

"Kí ẹ má dá wà."

Raliat wo pátákó. "Bí mo bá lọ, ta ni yóò máa kí i láàárọ̀?"

Marufat kúnlẹ̀ láti dágbére, ó dìde, ó lọ wọ ọkọ̀ ní Tákíè.

Oòrùn wọ̀. Ládàánì pe ìrun mọ̀gàríbì. Raliat ṣí àmù wò, ó gbẹ. Ó gbé abọ́ tánganran. Kò sí ẹ̀kán kan nínú rẹ̀. Ó wo ojú ọ̀nà bóyá yóò rí Anas pẹ̀lú ọmọlanke rẹ̀, ó sì rántí ohun tí ó sọ fún un. Ó rìn dé ẹ̀gbẹ́ ògiri Ìyá Tímótì. Láti ibẹ̀, ó ń gbọ́ ìró omi nínú bàsíà, àti igbe ìkókó tí wọ́n ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì lóòjọ́. Ó gbé ọwọ́ láti kan ilẹ̀kùn. Ẹni tí ó fi omi tọrẹ láàárọ̀, ìtìjú kò jẹ́ kí ó tọrọ rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀.

Ó padà sí ìdí òpó. Níbẹ̀ ni ẹ̀rọ agbẹ́lẹ̀ ti da lẹ́búlẹ́bú òkúta funfun tí ó hú jáde sí, ó mọ́, kò sí ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́. Raliat bẹ̀rẹ̀, ó pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì mọ́ ọn. Ó fi pa ojú. Ó fi pa ọwọ́. Eruku náà dúró sínú ìlà ojú rẹ̀. Ó tẹ́ ẹní rẹ̀, ó kọjú sí ìlà-oòrùn, àwòrán ọmọ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ní Ọlọ́run ni ó tóbi jù lọ, ó wọ inú ìrun.

Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn Ìyá Tímótì ṣí ní ìhà kejì ògiri.

"Ìyá Kabir! Ẹ gbé korobá wá o, omi kù díẹ̀!"

Ẹni tí ó ti wọ inú ìrun kì í dáhùn ìpè. Ohùn náà dúró díẹ̀, ó pè lẹ́ẹ̀kan sí i, ó rọlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà, Raliat, tí iwájú orí rẹ̀ ti kan ilẹ̀, gbọ́ tí wọ́n rọra ti ilẹ̀kùn.